Ṣé ṣáàfù ló gé ni, àbí jíà ló bàjẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin awakọ̀ àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ọdún 1999 ni mò ń wà n'Ìbàdàn, ọtomátíìkì ni, ẹsẹ̀ iwájú ló sì ń fà á. Ó ti tó oṣù méjì tí ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́ òsì ti ń dún "kà-kà-kà" bí mo bá yí sítíárìn dé òpin. Rọ́bà tó bo jọ́ìntì (oríkèé) ṣáàfù, ìyẹn irin tó ń gbé agbára láti inú jíà lọ sí táyà, ti ya níbẹ̀, gírísì sì ti ta sára ríìmù láti inú. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni kò jẹ́ kí n tètè tún un ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo já sí kòtò kan ní Mọ́níyà, mo gbọ́ "gbàà!" Látìgbà náà, bí mo bá fi sí D (ti ìrìn síwájú), ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé bí mo tiẹ̀ fi sí P (ti ìdúró), ó ṣì ń yí lọ lórí ìdàgẹ̀rẹ̀. Òkúta la fi há táyà.

Mẹkáníìkì wa ní kí n lọ ra jíà mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ òsì yẹn sókè, tó ṣì wà lórí P, ọwọ́ lásán ni mo fi yí táyà náà, ṣáàfù ò sì bá a yí rárá. Ọ́ìlì jíà mọ́, kò rùn bí ohun tó jóná.

Ṣé kì í ṣe ṣáàfù ló gé báyìí? Àyẹ̀wò wo ló kù kí n ṣe kí n tó náwó? Ṣé kí n ra odindi ṣáàfù tòkunbọ̀ ni, àbí jọ́ìntì ìta, èyí tó wà lápá táyà, nìkan?