Ìròyìn ìkẹyìn: imú màmá mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀

Ẹ kú àdúrótì. Mo béèrè nígbà yẹn bóyá kí màmá mi gbà kí wọ́n fi ìtànṣán iná lésà jó iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú imú wọn, nítorí HHT, àrùn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí a ń jogún. Wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ díẹ̀díẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí Àkúrẹ́ bá gbẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń kún abọ́ mọ́. Dókítà ní kì í ṣe ìwòsàn pátápátá. Iṣan mìíràn lè yọ, wọn a sì tún un jó. Omi iyọ̀ àti Vaseline tí wọ́n ń fi sí imú kò gbọdọ̀ tán nílé.

Ẹni tó sọ fún mi níbí pé ayé ló ń ṣe wọ́n, mo gbọ́ o; ṣùgbọ́n bàbá tó bí wọn náà ṣẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdá 50 nínú 100 ni pé ọmọ lè jogún rẹ̀, ó sì lè fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, èmi náà ń lọ ṣàyẹ̀wò. Mo ti pa ìbéèrè náà dé.