Nọ́mbà orí fótò àti wíwo ojú kámẹ́rà lóde: ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Ayàwòrán Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́mbà tí kámẹ́rà máa ń fi sínú orúkọ fáìlì fótò yẹn, àti bá a ṣe máa ń tẹjú mọ́ skríìnì gbàrà tá a bá ti ya ẹyọ kan, mo fẹ́ kí kálukú sọ ohun tójú ẹ̀ ti rí níbẹ̀, torí ó ń dùn mí bí fótò gidi ṣe ń ṣòfò lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀.

Ìdána kan la lọ yà ní Bódìjà. Òde parí, a kó fótò sínú fláàṣì fún wọn bó ṣe wà, a ò pa orúkọ fáìlì dà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí ìyá ìyàwó ti pè mí. Mọ́mì ti jókòó ti láptọ́ọ̀pù, wọ́n ń ka nọ́mbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní "Bọ̀ọ̀dá fótò, mo rí 4418, èyí tó tẹ̀ lé e ni 4426, méje tó wà láàárín dà? Ibi tí bàbá ìyàwó ti ń ṣàdúrà fún ọmọ ẹ̀ gan-an nìyẹn o." Mo wò ó, lóòótọ́ ni. Ọmọ tó ń bá mi gbé iná ló ti dìlíìtì wọn nínú kámẹ́rà nígbà tá a jókòó jẹun, ó ní bàbá dijú nínú gbogbo ẹ̀. Àdúrà ni wọ́n ń gbà kẹ̀, ó yẹ kí wọ́n dijú!

Ohun tó yọ wá ni pé a ò tíì ya nǹkan kan mìíràn sórí káàdì yẹn. Tẹ́ ẹ bá dìlíìtì fótò, kámẹ́rà kàn pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ ni, fótò fúnra ẹ̀ ṣì wà lórí káàdì títí òmíràn á fi wá gba ààyè ẹ̀. A fi PhotoRec wá a, sọ́fúwíà tó ń wá fáìlì tó ti sọnù ni, ọ̀fẹ́ ni, kì í dá orúkọ àtijọ́ padà àmọ́ ọjọ́ àti àkókò tẹ́ ẹ ya fótò ṣì máa wà nínú ẹ̀. Méjèèje jáde. Nínú ọ̀kan, ọwọ́ bàbá wà lórí gèlè ọmọ wọn, wọ́n dijú pinpin, omijé ti ṣàn dé irùngbọ̀n. Òun ni wọ́n fi ṣe fírémù ńlá sí pálọ̀. Lórí skríìnì tí ò ju íńṣì mẹ́ta lọ, nínú oòrùn ọ̀sán, ta ló máa rí omijé yẹn? Lọ́dọ̀ mi báyìí, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dìlíìtì lóde, ilé la ti ń ṣà á. Tí ẹyọ kan bá wù yín lóde, bọ́tìnì kọ́kọ́rọ́ wà lára àwọn kámẹ́rà kan tẹ́ ẹ lè fi tì í kí ẹnikẹ́ni má bàa dìlíìtì ẹ̀, ẹ sì lè fún un ní ìràwọ̀.

Àǹtí Fótò Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an. Tiwa jẹ́ ti kámẹ́rà méjì. Èmi àti àbúrò mi ra irú kan náà, tuntun ni méjèèjì, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti 0001, a sì jọ lọ ya ìgbéyàwó kan, èmi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọ̀ ìyàwó, òun wà lọ́dọ̀ ọkọ. Ẹni tá a gbé iṣẹ́ fún kó bá wa ṣètò fótò da káàdì méjèèjì sínú fódà kan ṣoṣo, láptọ́ọ̀pù bi í pé orúkọ yìí ti wà níbẹ̀ o, ṣé kí n fi tuntun rọ́pò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni fún gbogbo ẹ̀. Bí fótò ìwọlé ìyàwó ṣe lọ nìyẹn, DSC_0212 tàbúrò mi bo DSC_0212 tèmi mọ́lẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a kì í fọ́máàtì káàdì, ìyẹn ká nu gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀, kí oníbàárà tó gba iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ wo ibi tó ti wá. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ní Japan ti fẹnu kò lórí òfin kan láti 1998, DCF ni wọ́n ń pè é, pé inú fódà DCIM ni fótò máa wà, orúkọ ẹ̀ máa jẹ́ àmì mẹ́jọ, mẹ́rin àkọ́kọ́ lè jẹ́ DSC_ tàbí IMG_, mẹ́rin tó kù ni nọ́mbà, láti 0001 dé 9999. Tó bá pé 9999 ó máa ṣí fódà tuntun, á sì padà sí 0001, ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà kan ṣoṣo fi lè bí fótò méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Fódà yẹn náà ní òpin, 100 sí 999 ni. Tẹ́ ẹ bá sì rí i tí DSC_ di _DSC, tàbí IMG_ di _MG_, ẹ má bẹ̀rù, ẹnì kan ló yí ètò àwọ̀ inú mẹ́nù sí èyí tí wọ́n ń pè ní Adobe RGB.

Ohun tá à ń ṣe báyìí, a wọ inú mẹ́nù a pa lẹ́tà mẹ́ta yẹn dà, tèmi ń jẹ́ ABK, tàbúrò mi ń jẹ́ EGB, Nikon gbà á, àwọn Canon kan náà gbà á. Ká tó jáde nílé, a máa gbé kámẹ́rà méjèèjì síra, a ṣe aago wọn kó bára mu títí dé ìṣẹ́jú àáyá. Tá a bá wá tò wọ́n sí àkókò tá a yà wọ́n nínú Lightroom, sọ́fúwíà tá a fi ń ṣètò fótò, ọkọ ń dìde, ìyàwó ń wọlé, gbogbo ẹ̀ á tẹ̀ léra bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Bàbá Onífíìmù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìnáwó òde. Nígbà tiwa fíìmù 36 ni, kò sí skríìnì kankan. Nọ́mbà wà létí fíìmù náà o, 1, 1A, 2, 2A, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 36, ọ̀kan ò lè sọnù láàárín kéèyàn má mọ̀. Tá a bá ti fọ̀ ọ́ tán, a gé négátíìfù sínú àpò pépà, a kọ nọ́mbà sẹ́yìn fótò tá a fún oníbàárà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́pì lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, á mú fótò ọwọ́ ẹ̀ wá, a yí i padà, a rí nọ́mbà, a lọ fa négátíìfù yọ.

Ohun tí mò ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò dáa lójú mi. Mo wà níbi ìdána kan tí ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dọ̀bálẹ̀, alága ní kí wọ́n dìde, ọmọkùnrin tó ń ya fótò tẹrí ba mọ́ kámẹ́rà ẹ̀, ó ń wo èyí tó yà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá ìyàwó ti dìde fúnra wọn tí wọ́n lọ gbá ọkọ mọ́ra. Èèyàn rí i, kámẹ́rà ò rí i. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà, ẹ gbójú sókè, ẹ máa wo èèyàn.

Ará Ìkẹjà

Ẹ ṣé gan-an bàbá. Tèmi kúrú. Mo lọ ra kámẹ́rà tòkunbọ̀, ọ̀gá tó fẹ́ tà á fún mi ya ẹyọ kan, ó fi hàn mí, IMG_0453, ó ní wò ó, fótò tí wọ́n fi ya ò tó 500. Mo ní rárá o ọ̀gá. Ó ti lè yí 9999 kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ nínú mẹ́nù. Nikon máa ń kọ iye ìgbà tí ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀ nígbà tá a bá ya fótò, ti ṣí sínú Exif, ìsọfúnni tó máa ń wà nínú fáìlì fótò, ẹ ya ẹyọ kan kẹ́ ẹ fi sọ́fúwíà kà á. Ọ̀pọ̀ Canon kì í kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má fi nọ́mbà orí fáìlì díye lé ọjà o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ n gbè sẹ́yìn bàbá wa. Ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ya á rí mọ ohun tí mò ń sọ. Regbéregbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ń wọlé pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́, àwọn ẹlẹ́ṣin ilé Balógun Kúkù ń bọ̀, ìbọn ń dún, eruku ń sọ, ẹṣin máa na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń pa ìmáàjì rífíù lọ́jọ́ náà, èyí tó máa ń gbé fótò wá sórí skríìnì fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Báttìrì mi ń pẹ́ sí i, ojú mi sì wà níta.

Àmọ́ mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má wò ó rárá o. Agbádá funfun nínú oòrùn aago méjìlá, kámẹ́rà máa sun ún funfun báláú tí iṣẹ́ ọnà ọrùn ẹ̀ ò ní hàn mọ́. Kí àwọn ẹgbẹ́ tó wọlé mo ya ẹnì kan tó wọ funfun, mo ṣí histogram, àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ fótò ṣe pọ̀ tó hàn, mo sì jẹ́ kí ibi tó ti jóná máa ṣẹ́jú fún mi. Tí ọrùn agbádá bá ń ṣẹ́jú dúdú-funfun, mo dín ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà kù díẹ̀, ó tán, mi ò tún wò ó mọ́ títí òjìji fi máa wọ pápá. Ẹ rántí pé JPEG kékeré, ìyẹn fótò tí kámẹ́rà ti ṣètò tó sì fún pọ̀, ni histogram yẹn ń kà, tẹ́ ẹ bá ń ya RAW, fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì ṣètò, ó ṣì ní díẹ̀ nípamọ́ ju ohun tí ojú kámẹ́rà ń sọ fún yín lọ. Ẹ má sì gba àwọ̀ tójú yín rí lórí skríìnì gbọ́, torí oòrùn máa ń tàn yín jẹ.

Tuntun Nínú Iṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo yá káàdì ọ̀rẹ́ mi lò, nọ́mbà mi tó wà ní 2310 fò lọ sí 8755. Mo fọ́máàtì káàdì ọ̀hún, kò padà. Ṣé kámẹ́rà ti bàjẹ́ ni?

Ayàwòrán Ìbàdàn

Kò bàjẹ́ o, àbúrò. Ẹ ti fi ètò nọ́mbà inú mẹ́nù sí Continuous ni, ìyẹn kó máa ka nọ́mbà lọ láìtún bẹ̀rẹ̀, tó bá sì rí nọ́mbà tó ga ju tiẹ̀ lọ lórí káàdì, ibẹ̀ ló máa ti tẹ̀ síwájú, ó ti há a sórí, fífọ́máàtì káàdì ò lè mú un gbàgbé. Tó bá jẹ́ Canon, ẹ yí i sí Auto reset, èyí tó máa ń tún nọ́mbà bẹ̀rẹ̀, ẹ fi káàdì tẹ́ ẹ ti fọ́máàtì sí i, ẹ ya ẹyọ kan, á bẹ̀rẹ̀ láti 0001. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 2311 gan-an, ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ pa orúkọ ẹyọ tẹ́ ẹ yà yẹn dà sí IMG_2310 nínú fódà tó wà, ẹ dá káàdì padà sínú kámẹ́rà, ẹ wá yí i sí Continuous kẹ́ ẹ tó ya òmíràn. Láti òní lọ, káàdì tẹ́ ẹ bá yá, inú kámẹ́rà onítọ̀hún ni kẹ́ ẹ ti fọ́máàtì ẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kó fótò ẹ̀, kó tó wọ tiyín.