Hẹ́dífóònù mi kò ní bẹ́ẹ̀sì, etí sì ń dùn mí: ṣé kí n dá a padà ni?

Ìyá Rọ̀kíbátù: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi gan-an. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ra hẹ́dífóònù aláìlókùn ní Ìkẹjà, irú èyí tó ń jókòó lórí etí, ₦38,000. Ẹni tó tà á búra pé bẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ìró ìsàlẹ̀ tó wúwo yẹn, á mi àyà. Irọ́ ni! Bí ohùn inú agolo ló ń dún. Bí mo bá fi gbọ́ wáàsí fún wákàtí kan, etí á máa ta mí. Mo pe ọkùnrin náà, ó ní n kò mọ nǹkan lò. Èmi! Páálí rẹ̀ gan-an ti ya kó tó dé ọwọ́ mi. Ṣé kí n dá a padà ni, àbí kí n ra èyí tó wọ́n jù ú lọ?

Akin Ìbàdàn: Páálí tó ya kò kan ohùn, Àǹtí. Kí lẹ so ó mọ́, fóònù àbí láàpútọ́ọ̀pù?

Ìyá Rọ̀kíbátù: Láàpútọ́ọ̀pù ni, mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ lórí Zoom. Ṣùgbọ́n kò sí bẹ́ẹ̀sì lórí fóònù náà, ẹ má sọ pé èmi ni.

Akin Ìbàdàn: Ìṣòro méjì ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ti Zoom rèé: kété tí máìkì hẹ́dífóònù bá ṣí, Bluetooth á fi ọ̀nà orin sílẹ̀, á bọ́ sí ọ̀nà ìpè. Ohùn òsì àti ọ̀tún á di ọ̀kan, ìró tínrín tó bá ga ju 8 kHz lọ (kHz ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe tínrín tó) á dànù; lórí ẹ̀rọ àtijọ́, 4 kHz ló ti ń gé e. Ẹ wọ ètò ohùn inú Zoom, ẹ fi hẹ́dífóònù sí Speaker, kí ẹ fi máìkì láàpútọ́ọ̀pù sí Microphone. Agolo yẹn á lọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Gbogbo ìyẹn ti pọ̀ jù. SBC, ọ̀nà tí Bluetooth ń gbà fún ohùn pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, ló ń jẹ bẹ́ẹ̀sì. Kí wọ́n ra èyí tó ní LDAC, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tó ń gbé ohùn púpọ̀ jù ú lọ, tó sì ń pa ariwo ìta.

Akin Ìbàdàn: Ẹ̀gbọ́n, SBC kì í jẹ bẹ́ẹ̀sì. Bí fóòmù, tìmùtìmù tó ń kan etí yẹn, kò bá lẹ̀ mọ́ etí, bẹ́ẹ̀sì ló kọ́kọ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde. LDAC, pẹ̀lú gbogbo ìyára 990 kbps tó fi ń gbé ohùn, kò lè dí àlàfo yẹn.

Lábákẹ́: Àǹtí, ẹ fi orin tí ẹ mọ̀ dunjú sí i lórí fóònù, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rọra tẹ fóòmù mọ́ etí. Bí bẹ́ẹ̀sì bá wọlé lójú ẹsẹ̀, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ṣé ẹ ń lo gíláàsì ni?

Ìyá Rọ̀kíbátù: N kò lo gíláàsì. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sì dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa fọwọ́ di etí mú kiri? Orí híjáàbù ni mo ń gbé e lé, ìlọ́po méjì, fìlà sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Lábákẹ́: Háà, Àǹtí! Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Aṣọ ìpele mẹ́ta ló wà láàárín fóòmù àti etí. Ó ń gbé fóòmù kúrò lára etí, bẹ́ẹ̀sì sì ń sá. Ó tún ń ya apá hẹ́dífóònù síta, ìyẹn ló fi ń fún yín letí. Hẹ́dífóònù olówó ńlá tó ń pa ariwo pàápàá kò ní ṣe dáadáa lórí aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sórí etí ní tààrà, kí híjáàbù wá bò ó. Bluetooth ń gba inú aṣọ kọjá. Bó bá ṣì ń fún, ẹ fi há ara ìwé tí ẹ tò pọ̀, tó fẹ̀ ju orí yín lọ díẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ẹ má fọwọ́ fà á ya o, ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á kán.

Akin Ìbàdàn: Kí ẹ sì dín ohùn kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá 80 decibel (ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀.

Ìyá Rọ̀kíbátù: Mo ti gbé e sábẹ́ híjáàbù. Bẹ́ẹ̀sì wà! Síbẹ̀, kò yẹ kí ọkùnrin yẹn bú mi. Òógùn ń mú fóòmù báyìí, kí ni kí n fi nù ún?

Lábákẹ́: Aṣọ rírọ̀ tí ẹ fi omi díẹ̀ rin, kí ẹ tún fi gbígbẹ nù ún. Ẹ má fi spirit kàn án, awọ àtọwọ́dá yẹn á là, á sì máa bó. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó ká a sínú àpò.