Tákísí bá ti gun afárá, mo ti bọ́ lọ́wọ́ wọn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ ní kí kálukú sọ bó ṣe ń ṣe é tí iṣẹ́ ò fi ń bá a wọlé, tèmi rèé.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, Kútọnú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan bí 30 kìlómítà ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ní àbọ̀. CDD, ìwé iṣẹ́ tó ní ọjọ́ ìparí, ni wọ́n fún mi ní bìròó yẹn (mi ò ní dárúkọ wọn), ọdọọdún la máa ń tún un fọwọ́ sí, torí òfin ìgbanisíṣẹ́ ọdún 2017 ní Benin gbà wọ́n láyè kí wọ́n máa tún un ṣe lọ láìlópin. Èmi wá rò pé bí mo bá fi gbogbo ara ṣe é wọ́n á fún mi ní CDI, ìyẹn èyí tí kò lọ́jọ́ ìparí, ni mo bá ń dáhùn WhatsApp láago mọ́kànlá òru, lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ Iléyá gan-an ẹran ń jóná lórí iná èmi ń wá fáìlì nínú fóònù. Ìyá mi wò mí títí, ó ní "Ṣé ọ̀gá ẹ ló bí ẹ ni?"

Ibà wá dá mi dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo padà dé, ẹlòmíì ti jókòó sídìí tábìlì mi, iṣẹ́ ń lọ ní tiẹ̀. Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó bá mi jà o, wọ́n kí mi dáadáa, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Látọjọ́ náà, tí tákísí bá ti gun afárá tó wọ Àjàṣẹ́, mo ti pa fóònù iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àyà mi ń já bí ẹni tó jalè. Ọ̀gá bi mí, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa ò dáa lálẹ́ (irọ́ ni, kí Ọlọ́run foríjì mí).

—

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí mo wà ní Kétu ńkọ́? Owó táwọn ìyá ọlọ́jà yá ni mò ń gbà padà fún ilé iṣẹ́ kan, ìyàwó àbúrò bàbá mi wà nínú wọn. Mo pa fóònù, wọ́n wá kanlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan ìyá tó máa ń wẹ̀ mí ní kékeré kúnlẹ̀ fún mi nínú ilé wa, mi ò sùn mọ́jú. Afárá wo lèmi fẹ́ gùn?

—

Yéè, àbúrò mi. O ò lè ní kí wọ́n gbé ẹ lọ sí Ṣábẹ ni, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ẹ́?

—

Ṣábẹ kẹ̀? Ibẹ̀ làwọn àna mi wà 😂