Kí ló ń dá ogun sílẹ̀ gan-an? Ohun tójú wa rí

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa lórí ohun tó ń dá ogun sílẹ̀. Wọ́n ní kí n wá bá ọmọ ìyá méjì kan parí ìjà ààlà ilẹ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n, mo bá àwọn géńdé lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun ò fẹ́ jà o, àmọ́ òun gbọ́ pé àbúrò òun ti ń kó jàǹdùkú jọ. Mo dé ọ̀dọ̀ àbúrò, géńdé ló wà níbẹ̀ náà. Òun ní tẹ̀gbọ́n lòun rí tóun fi wá tòun. Ta ló kọ́kọ́ kó tiẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò lè sọ. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ọ̀hún ò tó ibi téèyàn lè na ẹsẹ̀ sí.

Ọdún 1914 ni mo rántí, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, wọ́n yìnbọn pa Franz Ferdinand, àrólé ọba Austria-Hungary, ní Sarajevo. Austria di ẹ̀bi rẹ̀ ru Serbia; ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni. Rọ́ṣíà kó ọmọ ogun jọ nítorí Serbia. Jámánì, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Austria, ní bóun bá fi falẹ̀, wọ́n á ká òun mọ́lé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, Jámánì ti kéde ogun sí Rọ́ṣíà. Ìbẹ̀rù ni, ẹ̀yin èèyàn mi.

— Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà pé ìbẹ̀rù nìkan ni. Nínú ẹbí tiwa, ọ̀rọ̀ àga níbi àríyá ló di ẹ̀ṣẹ́. Kí ló kàn wọ́n kan àga? Ogún tí wọn ò pín látọjọ́ pípẹ́ ni. El Salvador àti Honduras, orílẹ̀-èdè méjì tó pààlà ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, náà jagun lóṣù Keje 1969, wọ́n ń pè é ní ogun bọ́ọ̀lù torí ìdíje tí wọ́n gbá lóṣù tó ṣáájú. Ẹ wo ìdí rẹ̀: ilẹ̀ El Salvador wà lọ́wọ́ ìwọ̀nba olówó, nǹkan bí 300,000 ọmọ ibẹ̀ ti lọ dáko sí Honduras, ìjọba Honduras wá ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó ń lé wọn.

— Àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri ńkọ́? Ní Rwanda, kí ìpakúpa 1994 tó bẹ̀rẹ̀, rédíò RTLM ti ń pe àwọn ẹ̀yà Tutsi ní aáyán. Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fáwọn ọmọ ìyá yẹn pé èkejì ń kó jàǹdùkú jọ?

— Ìbéèrè gidi. Àwọn géńdé yẹn ni. Owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà, tọ̀tún tòsì.