Ìgbà tí mo kọ́ àwọn ọmọ JSS2 nípa èéfín mọ́tò ní Kábà

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tíṣà ni mí ní Kábà, JSS2 ni mò ń kọ́. Nígbà tó kan ẹ̀kọ́ lórí bí ìjọba ṣe ń dín èéfín mọ́tò kù, mo kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: òfin ojú-ọjọ́ tí wọ́n ṣe ní 2021, ìlérí tí Buhari lọ ṣe níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú-ọjọ́ ní Glasgow lọ́dún yẹn náà pé tó bá fi máa di 2060 Nàìjíríà ò ní máa dá kún èéfín tó ń mú ayé gbóná mọ́. Wọ́n dà á kọ, wọ́n pa ìwé dé, ẹnì kan ò bi mí ní nǹkan. Ó dùn mí o.

Lọ́jọ́ kejì mo kó wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Lọ́kọ́jà, mo bẹ ọlọ́kadà kan kó má pa ẹ́ńjìnnì ẹ̀, mo wá fi igi na áńkáṣíìfù funfun sẹ́nu sàlẹ́ńsà, kò pẹ́ tó fi dúdú. Ọmọkùnrin kan ní "Àńtí, ṣé inú wa ni eléyìí ń wọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, dúdú yìí ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àmọ́ èyí tó ń mú ayé gbóná jù ò ṣe é fojú rí.

Ibẹ̀ lẹnu wọn ti là. Mo sọ pé Luxembourg ti sọ bọ́ọ̀sì àti rélùwéè di ọ̀fẹ́ láti 2020, wọ́n pariwo. Mo ní ní Lọ́ńdọ̀nù, tí mọ́tò ẹ bá ti gbó tí èéfín ẹ̀ pọ̀, £12.50 lo máa san lójúmọ́ tó o bá wà á, wọ́n ní "ẹni tí ò lówó ńkọ́?" Ìgbà tí mo dé orí Etiópíà, tí wọ́n fòfin de kíkó mọ́tò oní-pẹtiróòlù wọlé ní 2024, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì dìde: "Àńtí, ṣé wọ́n máa gba ọ̀kadà bàbá mi ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an, torí ọ̀kadà yẹn ló ń sanwó ilé-ìwé ẹ̀, àti pé láti 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ni nǹkan ò ti rọrùn fún wọn.

Mo ní kí àwọn náà ṣòfin tiwọn fún Kábà. Ọ̀kan kọ ọ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ tún títì ṣe, torí mọ́tò tó ń bọ́ sí kòtò jáde kòtò, epo ló ń jó dànù. Òótọ́ ni! Ọmọbìnrin yẹn ní tiẹ̀ kọ ọ́ pé kí ìjọba yá bàbá òun lówó ra ọ̀kadà oníná kí wọ́n tó fòfin de ti pẹtiróòlù.

Ó lọ kà á fún bàbá ẹ̀ nílé. Ní Furaidé bàbá ọ̀hún wá bá mi, ó ṣí fìlà, ó ní "Àńtí, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ́ wọn, ó dáa, ṣùgbọ́n níbo la ti máa ṣáàjì ẹ̀ pẹ̀lú iná tiwa yìí?" Ìbéèrè yẹn ni mo kọ sí bọ́ọ̀dù ní Mọ́ńdè, a ò tíì nù ún.