Ọmọ mi tí omi kún inú orí rẹ̀: ṣé ká ta ilẹ̀ nítorí stem cell?

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọkùnrin mi ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Oṣù rẹ̀ ò pé tí mo fi bí i, ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ rẹ̀, omi wá ń dúró síbẹ̀, orí ń tóbi. Wọ́n ti fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ǹtì sí i, òun ló ń fa omi yẹn wá sínú ikùn. Orí ò tóbi sí i mọ́, àmọ́ kò tíì lè jókòó. Níbí ní Ṣómólú, ẹ jẹ́ n fi orúkọ táwọn kan ń pè é sílẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi ló gbọ́ ní Lekki pé àwọn kan ń gún abẹ́rẹ́ stem cell (sẹ́ẹ̀lì ara tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì míì) tó máa "tún ọpọlọ hù". Mílíọ̀nù mẹ́rin náírà! Ọkọ mi ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ wa n'Íkòròdú.

Mo bi dókítà wa. Ó ní ìwádìí ṣì ni. Ní Gúúsù Kòríà, wọ́n dán an wò lára ọmọ 9 tí oṣù wọn ò pé, tí ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ wọn, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Bóyá ó léwu ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bóyá ó ń woni sàn. Wọn ò retí pé sẹ́ẹ̀lì yẹn á di ọpọlọ tuntun, bí kò ṣe pé á dín wíwú kù, á dáàbò bo èyí tó ṣẹ́ kù. Kò sì rọ́pò ṣọ́ǹtì.

Ta ló ti gbà á fọ́mọ rẹ̀ rí? Àbí kí n kó owó náà sí fisiọ́ (ìtọ́jú tí wọ́n fi ìdárayá ṣe)? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọkọ mi tí kò ní dìjà?